Òwú Pupa ní Gìgísẹ̀ Télọ̀

Aago ni mo fẹ́ wò nínú fóònù ọkọ mi. Tèmi ń gba iná lọ́wọ́ nínú yàrá, tirẹ̀ sì wà lórí tábìlì níbi tí mo ti ń lọ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì. Bí mo ṣe fọwọ́ kàn án ni àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í já lu ara wọn. Ẹsẹ̀ ni gbogbo wọn. Ẹsẹ̀ obìnrin, ẹsẹ̀ ọkùnrin, èyí tó sán ní gìgísẹ̀, èyí tí wọ́n kun èékánná rẹ̀, gbogbo wọn kọ àtẹ́lẹsẹ̀ síta bí ẹni ń yáná. Lábẹ́ wọn ni ẹnìkan tó ń jẹ́ Àwòdì kọ ọ́ sí pé: "Télọ̀, tiyín dà? Mo ń dúró o."

Èmi kì í ṣe obìnrin tó ń fi ọ̀rọ̀ sínú. Ohun tó bá wọ inú mi, ẹnu ni yóò gbà jáde, kì í sì í pẹ́ lọ́nà. Mo gbé fóònù náà, mo lọ bá ọkọ mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Dádì, ta ni Àwòdì?"

Kò gbójú sókè. "Àwòdì wo?"

"Àwòdì tó ń dúró de ẹsẹ̀ yín."

Ó dá ẹ̀rọ dúró. Ó wò mí, ó wo fóònù, ó sì bú sẹ́rìn-ín títí tí ikùn rẹ̀ fi ń mi tábìlì. Mo ní kò sí ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Àgbàlagbà tó ń kó ẹsẹ̀ obìnrin jọ sínú fóònù, kí ló fẹ́ fi wọ́n ṣe? Ó ní kí n jókòó. Mo ní mo fẹ́ dúró. Orí ìdúró ni mo wà tó fi bẹ̀rẹ̀ àlàyé, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí mo fi ń wá àga tí n óò jókòó sí.

Ọkọ mi ní àtọ̀gbẹ. Ìyẹn kì í ṣe tuntun, gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Ó sì sanra, n kò ní fi ìyẹn sábẹ́ ahọ́n sọ. Ikùn rẹ̀ a máa ṣáájú rẹ̀ wọlé, ó sì ti pẹ́ tí òun àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fojú kan ara wọn gbẹ̀yìn. Ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò kì í wọ́n nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, búrẹ́dì sì ni wọ́n jọ ń rìn. Ìyá mi a máa sọ pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Mo ti fi òwe yẹn bá a wí títí ó fi di orin létí rẹ̀, orin tí kì í sì í jó sí.

Ohun tí n kò mọ̀ ni ohun tí ojú rẹ̀ rí ní ilé ìwòsàn lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Dókítà ní kó dijú, ó sì ń fi okùn tín-ín-rín kan tọ́ ọ ní àtẹ́lẹsẹ̀ kó lè sọ ibi tó bá ti mọ̀ ọ́n lára. Ọkọ mi dijú, ó ń dúró kí dókítà bẹ̀rẹ̀. Dókítà ní òun ti parí. Iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú. Ìṣó lè gún un, iná lè jó o, kò ní mọ̀. Egbò tí ẹlòmíràn yóò fi ìpara pa tí yóò sì gbàgbé, ó lè jẹ ẹsẹ̀ tirẹ̀ dé egungun.

"Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn," ni ọkọ mi wí. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gé fún un, lẹ́yìn náà ọrùn ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà orúnkún. Nígbà tí kò lè tẹ ẹ̀rọ mọ́, ó fi aṣọ bò ó, ó jókòó tì í lójú fèrèsé, ibẹ̀ ló sì jókòó sí títí tó fi kú. Ẹ̀rọ yẹn gan-an ni ọkọ mi ń lò. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ yẹn ló ń bọ́ wa, òun náà sì ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á láti pàdánù ju ohunkóhun lọ.

Nọ́ọ̀sì kan ló fi nọ́ńbà rẹ̀ sínú ẹgbẹ́ lórí Wasáàpù. Ẹ Bá Mi Wò Ó ni orúkọ ẹgbẹ́ náà. Àwọn tó wà níbẹ̀ kò mọ ara wọn lójúkojú. Àtọ̀gbẹ àti sísanra jù ló kó wọn jọ. Òfin wọn ni pé láàárọ̀, kí bàtà tó wọ ẹsẹ̀, olúkúlùkù gbọ́dọ̀ ya àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ní fọ́tò fún àwọn tó kù. Wọ́n wá yan olùwò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Olùwò rẹ ni yóò wo ẹsẹ̀ rẹ fínnífínní, tí yóò sì kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò pé, "Mo ti wò ó." Bí kò bá tíì kọ ọ́, o kò gbọdọ̀ wọ bàtà. Àwòdì ni olùwò ọkọ mi, obìnrin ni, òun náà ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀.

"Ta ló wá ń ya tiyín?" ni mo bi í, nítorí mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ kò lè dé ibẹ̀.

Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Mo gbìyànjú láàárọ̀ yìí. Àjà ilé ni mo yà."

Bí mo ṣe di ayàwòrán nìyẹn. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ọkọ mi a dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, a na ẹsẹ̀ kọjá etí rẹ̀, èmi a lóṣòó sísàlẹ̀ bí ẹni fẹ́ fẹ́ná. Mo máa ń sọ fún un pé láti ọjọ́ tí mo ti wọlé rẹ̀, n kò tẹríba fún un tó báyìí rí. Òun náà a ní kí n má wulẹ̀ dìde, ó yẹ mí.

Ẹgbẹ́ náà kò mọ sórí ẹsẹ̀ nìkan. Kí wọ́n tó jẹun, wọ́n a ya àwo oúnjẹ. Awakọ̀ akẹ́rù kan wà níbẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Lọ́jọ́ kan tí ọkọ mi fi àwo tirẹ̀ ránṣẹ́, ó dáhùn pé, "Télọ̀, ìrẹsì yẹn ń wá ẹ̀fọ́ tí yóò bò ó láṣìírí." Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó gbé àwo náà padà fún mi, ó ní kí n bu ìrẹsì kúrò kí n fi ẹ̀fọ́ dí ibẹ̀. Ó kọ́kọ́ dùn mí. Ohun tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ di ohun tí ará ìta fi gbólóhùn kan ṣe, ṣé ẹnu tèmi kì í ṣe ẹnu ni? Ṣùgbọ́n nígbà tí omi rọ́pò ẹlẹ́rìndòdò nídìí ẹ̀rọ, mo gbé ìbínú mi tì. Ẹni tó bá bá mi gbé ẹrù, n kò ní bi í léèrè èjìká tó fi gbé e.

Wọ́n tún máa ń rìn nírọ̀lẹ́. Olúkúlùkù ló ń rìn ní òpópónà tirẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n jọ ń rìn ni, nítorí wọn kì í jẹ́ kí ohùn sinmi nínú fóònù. Ẹnìkan a ní òun ti dé ìdí igi, ẹlòmíràn a ní ajá kan ń lé òun bọ̀, kí wọ́n gbàdúrà. Èmi pẹ̀lú sálúbàtà mi a máa tẹ̀ lé ọkọ mi, mo ń gbọ́ bí gbogbo wọn ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ tú ìbàdí ṣòkòtò ara rẹ̀, tó dín in kù, ó pè mí wá wò ó bí ẹni gba oyè. Kò pẹ́ tó tún tú u. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn tí n kò rí rí, mo sì ń fi ẹnu mi sọ ọ́ sínú fóònù kí wọ́n lè gbọ́.

Àwòdì ni kò yé mi. Fọ́tò tirẹ̀ kì í ju ẹsẹ̀ kan lọ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni, ó mọ́ tónítóní, wọ́n gé èékánná rẹ̀ dọ́gba. Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan, ara mi kò gbà á mọ́. Mo gba fóònù lọ́wọ́ ọkọ mi, mo sì sọ̀rọ̀ sínú ẹgbẹ́.

"Àwòdì, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ìyàwó Télọ̀ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rí ẹsẹ̀ méjèèjì ọkọ mi lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ kejì tiyín dà?"

Awakọ̀ akẹ́rù kọ nǹkan, ó pa á rẹ́. Àwòdì wá kọ ọ́ pé, "Ó ti ṣáájú mi lọ," ó sì to àwọn ojú kéékèèké tó ń rẹ́rìn-ín tẹ̀ lé e. Mo ní obìnrin yìí gbọ́ àwàdà.

Ìwà kan péré ni ẹgbẹ́ kò lè gbà kúrò lọ́wọ́ ọkọ mi, òun ni bíbọ́ bàtà nídìí ẹ̀rọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́ ọ pé télọ̀ tó wọ bàtà ránṣọ dà bí ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ jẹun. Ẹsẹ̀ lásán ló gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí ẹ̀rọ ń sáré àti ìgbà tó yẹ kó rọra. Mo bi í pé ẹsẹ̀ tí kò mọ̀ ju òkú lọ, kí ló tún ń gbọ́ lára ẹ̀rọ? Ó ní ọ̀rọ̀ àárín òun àti ẹ̀rọ ni. Nítorí ìwà yìí, a kì í ti ṣọ́ọ̀bù kí n má fi òòfà tí mo so mọ́ igi gbá ilẹ̀ yíká. Gbogbo píìnì àti abẹ́rẹ́ tó bá já bọ́ ni yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Ọkọ mi kò lè bẹ̀rẹ̀ kó wá abẹ́rẹ́. Èmi ni mò ń bẹ̀rẹ̀ fún àwa méjèèjì.

Ìgbà tí ọmọbìnrin wa bímọ ni nǹkan dàrú. Mo ní láti lọ bá a tọ́jú ọmọ, ìlú tó wà sì jìnnà. Iṣẹ́ kọ́tìnnì òtẹ́ẹ̀lì kan ló wà lórí ẹ̀rọ nígbà náà, aṣọ pupa tó nípọn bí awọ. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń lọ, mo ya ẹsẹ̀ rẹ̀ ní fọ́tò, mo sì sọ gbogbo ohun tó yẹ kí n sọ. Kó máa wọ bàtà. Kó ní kí onígbàjámọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì máa bá a gbá ilẹ̀, kó sì máa bá a ya fọ́tò. Ó ní òun ti gbọ́. Ó sọ ọ́ bí ọmọ dáadáa, ó yẹ kí n ti fura.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ní ọ̀sán, mò ń wẹ ọmọ lọ́wọ́ ni fóònù mi dún. Ọmọbìnrin mi gbé e sí mi létí. Ohùn obìnrin ni, ó rọra ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ káàsán, mà. Ẹ má bínú pé mò ń pè yín lójijì. Èmi ni wọ́n ń pè ní Àwòdì."

"Àwòdì ẹlẹ́sẹ̀?"

"Èmi náà ni."

"Ta ló fún yín ní nọ́ńbà mi?"

"Ọkọ yín ni. Kò sẹ́ni tó ń wọ ẹgbẹ́ wa tí kì í fi nọ́ńbà ẹni tó sún mọ́ ọn jù sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Òwú pupa kan wà ní gìgísẹ̀ ọ̀tún rẹ̀."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Télọ̀ mà ni, mà. Òwú ò lè má wà lára ẹ̀."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n òwú yìí tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, ẹnu ẹ̀ sì kọjú sí ọmọ ìka. Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti rìnrìn àjò ló ti tẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí ò yí padà. Òwú ò lè dúró bẹ́ẹ̀ lára ẹni tó ń wẹ̀."

"Ẹ̀ẹ́n-ẹ́n! Ṣé kò wẹ̀ ni?"

"Ó ń wẹ̀, mà," ni Àwòdì wí, mo sì gbọ́ ẹ̀rín nínú ohùn rẹ̀, ẹ̀rín tí kò dé ọ̀nà ọ̀fun. "Fọ́tò kan náà ló ń fi ránṣẹ́. Mo bi í, ó ní òwú tuntun ni. Ilé ìtẹ̀wé ni mo ti ṣiṣẹ́, èmi ni mò ń ka ìwé wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ohun tó bá jọ ara wọn jù, ojú mi kì í gbà á. Ẹ bá mi bi í. Ẹ̀yin lè bú u."

Mo gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Òwú bíńtín ni òtítọ́ fi mú irọ́ ọkọ mi. Ojú lọ̀rọ̀ sì wà. Mo pè é lórí fídíò.

Ìdí ẹ̀rọ ló wà. Ó kí mi, ó bi mí léèrè ọmọ, ó bi mí léèrè ìyá ọmọ, ó fẹ́ bi mí léèrè gbogbo ará àdúgbò wọn.

"Dádì, ẹ fẹsẹ̀ yín hàn mí."

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí ò dáa o."

"Ó dáa. Mò ń rí irun imú yín. Ẹ fẹsẹ̀ hàn mí."

Kò lè gbé e sókè tó. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, fóònù fẹ́ẹ̀ bọ́. Mo ní kó gbé fóònù náà sílẹ̀, kí ó dojú rẹ̀ kọ òkè, kó wá na ẹsẹ̀ lé e lórí láìtẹ̀ ẹ́. Ohun tí mo rí ni àjà ilé, lẹ́yìn náà etí kọ́tìnnì pupa, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ òsì tó ń bọ̀ látòkè. Kò wọ bàtà. Ẹsẹ̀ òsì kò ní nǹkan kan. Mo ní kó gbé èkejì wá.

Àmì dúdú kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, ní ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò, kò tó orí ìṣáná. Ṣùgbọ́n gbogbo àyíká rẹ̀ ti wú, ó pọ́n, ó ń dán bí ẹni pé wọ́n fi epo pa á. N kò pariwo. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé tí n kò bá ti pariwo, ọ̀rọ̀ ti kọjá kékeré.

"Dádì, ṣé ibẹ̀ yẹn ń dùn yín?"

"Ibo?"

Ibo tó sọ yẹn ló já mi láyà jù. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú omi ìwẹ̀ ọmọ tó ti dà.

Mo pe onígbàjámọ̀. Ó ní òun kò gbọ́ pé wọ́n yan òun sí iṣẹ́ kankan. Ọkọ mi kò sọ fún un, ojú ń tì í láti ní kí ọkùnrin bíi tirẹ̀ lóṣòó síwájú ẹsẹ̀ òun. Mo ní kó fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀, kó gbé ọkọ mi lọ sí ilé ìwòsàn kíá. Ọkùnrin náà kò bi mí léèrè lẹ́ẹ̀kejì. Oníbàárà tó ń gé irun fún lọ́wọ́ ló ní mọ́tò, ló bá gbé àwọn méjèèjì, ó jókòó sílé ìwòsàn pẹ̀lú apá kan orí tí wọ́n ti fá àti apá kan tí irun ṣì wà. Títí di òní, bí mo bá rí oníbàárà yẹn, mo máa ń dúró kí i.

Èmi náà wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ti ya àwòrán egungun ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ti rí i: ìdajì abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ, tó dùbúlẹ̀ nínú ẹran bí ẹni tó rí ilé gbé. Ọkọ mi wá rántí. Abẹ́rẹ́ kan kán sórí etí kọ́tìnnì lẹ́yìn tí mo lọ. Ó wá ìdajì rẹ̀ lórí tábìlì, kò rí i, ó fi òmíràn sí i, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ilẹ̀ ni ìdajì yẹn wà. Kò sẹ́ni tó fi òòfà gbá a, ẹsẹ̀ lásán ló sì fi ń rìn yíká ẹ̀rọ. Àwọn àgbà ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹsẹ̀ ọkọ mi ti gbé e mì, kò sì mọ̀.

Dókítà náà, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, yọ abẹ́rẹ́, ó fọ ọyún tó ti ń kó jọ, ó sì dá ọkọ mi dúró sórí bẹ́ẹ̀dì títí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi wálẹ̀. Ó ní, "Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó rí i. Ká ní ó pẹ́ sí i díẹ̀, ẹsẹ̀ là bá máa sọ̀rọ̀ ẹ̀, kì í ṣe abẹ́rẹ́."

Nígbà tí dókítà jáde, mo lanu láti bú ọkọ mi. Mo ti to èébú náà láti inú ọkọ̀, ó dán mọ́rán. Mo wò ó, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń rọra wọ inú irùngbọ̀n.

"Ẹ̀gbọ́n mi ò ní Àwòdì," ló wí. "Ìyẹn nìkan ló yà wá sọ́tọ̀. Ó gbọ́n jù mí lọ, ó mọ iṣẹ́ jù mí lọ. Kò kàn ní ẹni tó máa bá a wò ó ni."

Mo gbé èébú mi mì. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a sì jọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, lẹ́yìn náà a dúpẹ́ lọ́wọ́ òwú.

Ẹsẹ̀ náà jinná. Àpá kan ló kù níbẹ̀. Ọkọ mi padà sídìí ẹ̀rọ pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, ó ń kùn. Ohun tó kọ́kọ́ fẹ́ rán ni gáùn fún Àwòdì. Ó gba ìwọ̀n rẹ̀ lórí fóònù, Àwòdì sì ní kó gùn dé ilẹ̀. Aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run ni ó yàn. Ojú ìrán àkọ́kọ́ wọ́ nítorí bàtà, ó tú u, ó tún un rán. Ó tú u lẹ́ẹ̀kejì. N kò tíì rí i kó fi irú sùúrù bẹ́ẹ̀ rán aṣọ fún ẹnikẹ́ni, èmi ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú.

Nígbà tó parí, a gbé e lọ fún un nílé. Mo ti to ọ̀rọ̀ ọpẹ́ mi jọ lójú ọ̀nà. Mo fẹ́ sọ fún un pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni, àti pé àwa kì í ṣe ọlọ́ṣà. A kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ wọlé, ilẹ̀kùn ò tì."

Yàrá kékeré ni, ó mọ́. Tábìlì kan wà lójú fèrèsé tí ìwé kún orí rẹ̀, obìnrin arúgbó kan sì jókòó tì í, awò ojú rẹ̀ nípọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, nítòsí ibi tí mo dúró sí gan-an, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá kan fara ti ògiri, wọ́n fi ìbọ̀sẹ̀ àti bàtà wọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ òsì ni. Gbogbo òwe tí mo kó wá fò lọ.

Àwòdì rí ibi tí mo ń wò. "Ẹ̀yin lẹ bi mí léèrè ẹ̀," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Òun nìyẹn. Mo ní ó ti ṣáájú mi lọ, ẹ rò pé àwàdà ni."

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀..."

"Kí lẹ ń bẹ̀ mí sí? Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn títí omi fi bọ́ lójú mi. Gbogbo àwọn tó kù ló mọ̀, wọ́n á máa rọra bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ bi mí bí èèyàn ṣe ń bi èèyàn." Ó na ọwọ́ sí àga, kí a jókòó. "Òkúta wẹ́wẹ́ ni, ó kó sí mi ní bàtà. Mo wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́, mo wọ̀ ọ́ bọ̀. Ìwé ẹni ẹlẹ́ni, mo rí gbogbo àṣìṣe inú ẹ̀. Abẹ́ ẹsẹ̀ ara mi, mi ò rí i. Èmi nìkan ni mò ń gbé, kò sẹ́ni tí mo lè sọ fún pé, ẹ bá mi wò ó."

Mo ti rò pé wọ́n kàn sọ ẹgbẹ́ náà lórúkọ bẹ́ẹ̀ lásán ni.

"Télọ̀," Àwòdì wí, "ẹ jẹ́ kí n rí i. Fọ́tò ti sú mi."

Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ fúnra rẹ̀. Ikùn tí kì í jẹ́ kó dé ibẹ̀ ti fàyè gbà á. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún náà, ó gbé e lé Àwòdì nítan. Obìnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ra àpá náà lọ, ó rà á bọ̀, ó rọra ṣe é bí ẹni ń ka ìwé.

"Mi ò mọ ọwọ́ yín lára, mà," ọkọ mi wí.

"Èmi mọ̀ ọ́n," ni Àwòdì dáhùn. "Ó gbóná. Ó wà láàyè."

Ẹkún tí n kò sun nílé ìwòsàn ni mo sun níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣé, mo tún ní ẹ ṣé, n kò rí ọ̀rọ̀ míì. Èmi tí ẹnu mi kì í sinmi! Àwòdì ń gbá mi lẹ́yìn, ó ń sọ fún mi pé bí mo bá ń sunkún báyìí, n óò da omi sí gáùn òun.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ ni ohun kan sọ sí mi lọ́kàn. Ní gbogbo àárọ̀ tí mo fi ń wo ẹgbẹ́ yẹn, n kò rí ẹnìkan kó kọ nǹkan sábẹ́ fọ́tò rẹ̀.

"Àwòdì, ta ni olùwò tiyín?"

Ó ń ká gáùn náà, kò wò mí. "Ẹni tó ń wò ó ti ṣí lọ sọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀, kò wọ ẹgbẹ́ mọ́. Àwọn tó kù ní tiwọn láti wò. Mi ò fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Èmi náà sáà ń wò ó."

Mo ní, "Ẹ fi nọ́ńbà mi sínú ẹgbẹ́."

"Ẹ̀yin ò ní àtọ̀gbẹ."

"Mo ní ojú."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lóṣòó síbi tí mo máa ń lóṣòó sí, mo ya ẹsẹ̀ ọkọ mi, mo sì fi í ránṣẹ́. Àwòdì dáhùn pé òun ti wò ó. Kò pẹ́ ni fọ́tò tirẹ̀ wọlé: ẹsẹ̀ ọ̀tún kan, pẹ̀lú etí gáùn aláwọ̀ ojú ọ̀run tó kan ọrùn ẹsẹ̀. Mo gbé awò sójú. Mo fẹ fọ́tò náà títí ó fi kún ojú fóònù, mo wò ó láti gìgísẹ̀ dé àtàǹpàkò, mo wo àárín ìka kọ̀ọ̀kan, n kò kánjú, ọkọ mi sì ń pè mí pé omi tíì ti tutù. Nígbà tó dá mi lójú, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀.

"Mo ti wò ó, Àwòdì. Ẹ lè wọ bàtà yín."